Ọmọ tí kò lè jókòó kàwé: Pàṣán kọ́ ni oògùn rẹ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Ọmọ ti ti ilé ìwé dé, ó ti jẹun, wọ́n sì ti ní kó jókòó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí tíṣà fún un. Kò tíì kọ ìlà méjì tó fi dìde lọ mu omi. Nígbà tó padà dé, pẹ́ńsù ti sọnù. Wọ́n bá a wá pẹ́ńsù rí, ni adìẹ kan bá kọjá níwájú ilé, ló bá sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí ìyá àgbà yóò fi pariwo lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìwé ṣì wà ní ṣíṣí, kò sì sí nǹkan kan lójú ewé náà. Ohun tó kù ni pàṣán. Lẹ́yìn pàṣán ni ẹkún, lẹ́yìn ẹkún ni oorun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún nà án nílé ìwé nítorí pé kò ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí àti òbí àgbà tó ń ka ojú ewé yìí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Àwọn kan ló bí i fúnra wọn, àwọn mìíràn ń bá ọmọ wọn tó wà ní ìlú ńlá tọ́ ọ ni. Orúkọ tí a sì ń pè é kò ju mẹ́ta lọ: olóríkunkun, ọ̀lẹ, tàbí ọmọ tí ayé ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ jókòó, wọn kò lè jókòó ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá, nítorí pé ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan, a lè fi agbára mú un. Ẹni tí kò lè ṣe é, ìrànlọ́wọ́ ló ń fẹ́.

Ọmọ tí wọ́n ní ká wá mú kúrò nílé ìwé

Irú ọmọ yìí wà nínú ilé tiwa náà. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹta, ilé ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ pe bàbá mi. Wọ́n ní kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí pé kì í jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Ó ti gba ojú fèrèsé fò jáde rí, ó sì máa ń dáhùn ìbéèrè kí tíṣà tó bi í tán. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà ló tú rédíò bàbá mi palẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó tò ó padà, tí rédíò náà sì sọ̀rọ̀.

Bàbá mi nà án títí ó fi sú u. Wọ́n gbé e lọ sí orí òkè àdúrà, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, bó ṣe lọ náà ló ṣe bọ̀. Ẹnì kan ládùúgbò wa tilẹ̀ sọ pé ẹmẹ̀rè ni, ni àwọn ìyá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn wọlé bí wọ́n bá ti rí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó máa ń bi mí lálẹ́ pé kí ló ṣe òun tí òun kò fi dà bí àwọn yòókù, èmi náà kò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Níkẹyìn, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá wa, ní abúlé kan nílẹ̀ Ìbàràpá. Ìyá àgbà kò wọ ilé ìwé rí láyé rẹ̀. Ọdún méjì ni àbúrò mi lò lọ́dọ̀ rẹ̀, láàárín ọdún méjì yẹn ló sì mọ ìwé kà. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹnu yà mí pé ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀ ni àwọn náà ń kọ́ àwọn òbí.

Kí ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1902, dókítà àwọn ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Still, dìde níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu. Lónìí, ADHD ni àwọn dókítà ń pè é. Ohun tó wà nínú ọpọlọ, tó ń sọ fún èèyàn pé "dúró ná", tó ń rán an létí ohun tó kàn, tó sì ń bá a kó ọkàn jọ sójú kan, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọmọ bẹ́ẹ̀ bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí kò sọ pé ọmọ náà gọ̀. Bí nǹkan bá wù ú, bíi bọ́ọ̀lù tàbí títú rédíò palẹ̀, ó lè fi wákàtí méjì jókòó tì í láìwo ẹ̀yìn. Ohun tó sì ń jẹ́ kí a rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni nìyẹn.

Káàkiri àgbáyé, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó tó ọmọ 5 nínú 100 tó ní in. Bí ọmọ 40 bá wà nínú kíláàsì kan, á jẹ́ pé ó lè tó méjì níbẹ̀. Ó sì máa ń wà nínú ìdílé, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ bàbá tó ń ráhùn lórí ọmọ rẹ̀ lónìí, bí òun náà ṣe rí ní kékeré nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin la tètè máa ń rí nítorí wàhálà wọn. Ti ọmọbìnrin lè fara sin. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ojú rẹ̀ wà lára pátákó, kí ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sọ́jà.

Kì í ṣe ọmọ tó bá ti ń sá kiri ni dókítà máa ń pè bẹ́ẹ̀ o. Ó gbọ́dọ̀ ti hàn lára ọmọ náà kó tó pé ọdún 12, ó gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́fà, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ níbi méjì ó kéré tán, bíi ilé àti ilé ìwé. Àwọn ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́tà inú ìwé ló ń dàrú mọ́ wọn lójú. Àwọn mìíràn kàn jẹ́ ọmọ tó le, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún òun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí a fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nílé ló jọra.

Ẹ kọ́kọ́ wo etí, ojú àti ikùn

Kí a tó sọ pé ọmọ kò fọkàn sí nǹkan, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti ń da ọyún látìgbà tó ti wà ní kékeré lè máà gbọ́ ìdajì ohun tí tíṣà ń sọ. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é. Bí kò bá dáhùn nígbà mélòó kan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èyí tó bá ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tó ń fún ojú pọ̀ kó tó ríran, ojú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Bákan náà ni ebi, aràn, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ṣe lè mú kí ọkàn ọmọ máà dúró sójú kan. Ti oorun náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ọmọ tó ń wo fíìmù títí di aago mọ́kànlá alẹ́, tí wọ́n tún jí láago márùn-ún láti lọ pọnmi, kò lè ní ọkàn tí yóò fi ṣe ìṣirò.

Ohun tí ìyá àgbà ṣe

Èkíní, ó gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Kì í sọ fún àbúrò mi pé kó lọ ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ní kó kọ ìlà mẹ́ta kí omi ọkà tó wà lórí iná tó hó, kó sì gbé e wá fún òun wò. Bó bá ti gbé e wá, yóò ní kó lọ já ewé fún ewúrẹ́, kó sì padà wá kọ mẹ́ta mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní aago lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó tún padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́ta tí ọkàn wà níbẹ̀ sàn ju wákàtí méjì ariwo lọ.

Èkejì, àkókò àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kì í yí padà. Lẹ́yìn tó bá ti jẹun, tó sì ti ṣeré díẹ̀, ni ẹní yóò délẹ̀. Ọmọ yóò kọjú sí ògiri, yóò kẹ̀yìn sí ọ̀nà, rédíò yóò sì dákẹ́. Lóde òní, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n náà gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí, títí kan fóònù àgbàlagbà tó jókòó tì í. Ìwé, pẹ́ńsù àti ohun tí a fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù yóò ti wà nílẹ̀ kó tó jókòó, kó má baà rí nǹkan tó máa dìde lọ wá.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ kan ló máa ń rán an lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá sọ fún irú ọmọ yìí pé kó lọ wẹ̀, kó mú ìwé rẹ̀, kó wá pẹ́ńsù, kó sì ti ewúrẹ́ mọ́lé, ti ewúrẹ́ nìkan ni yóò rántí. Kì í ṣe àfojúdi, àwọn yòókù ti jábọ́ lọ́nà ni. Ẹ má jókòó sí ẹ̀yìnkùlé kí ẹ máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, ẹ jẹ́ kó wo ojú yín, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kí ó sì tún un sọ fún yín kó tó lọ.

Ẹ̀kẹrin, ó jẹ́ kí ara rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ń ṣe nǹkan ni etí fi ń gbọ́. Ẹ̀gúsí ni àbúrò mi ń bó nígbà tó ń ka ìsọdipúpọ̀ sórí. Ó máa ń dúró kàwé, ó sì máa ń rìn ka sípẹ́lì. Kò sí òfin tó ní orí ìjókòó nìkan ni ìwé ti ń wọlé.

Ẹ̀karùn-ún ni ọpọ́n ayò. Ilé méjìlá ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ọmọ bá ti ń to ọpọ́n, ó ti ń ka ìsọdipúpọ̀ mẹ́rin nìyẹn láti orí 4 dé 48. Bó bá ń pín in, ó ń kọ́ pípín. Pẹ̀lú ìyẹn, ayò ń kọ́ ọ láti dúró de ẹlòmíràn kó ta tirẹ̀, ohun tó sì ṣòro jù fún un gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, ó máa ń fún un láyè láti mú ọ̀kan nínú méjì. Ọmọ tó le kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe ẹrù. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó fẹ́ kàwé, yóò ní rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ ṣe ni àbí ìwé kíkà, ọ̀kan ni yóò mú. Iṣẹ́ náà kò kúrò níbẹ̀, òun náà sì rí i pé òun lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ara òun.

Èkeje, kì í dúró dìgbà tí ọmọ bá gbé ipò kìíní kó tó yìn ín. Bí àbúrò mi bá ti kọ ìlà mẹ́ta láìdìde, lójú ẹsẹ̀ ni yóò kì í ní oríkì rẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tó ṣe gan-an. Yóò wá ju ọmọ ayò kan sínú agolo. Bí ọmọ ayò bá ti pé mẹ́wàá, àbúrò mi yóò bá bàbá àgbà gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ẹran, ṣùgbọ́n ìlérí náà kì í yẹ̀. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró kò lè máa retí èrè tó di ìparí ọdún. Tòní ni kí ẹ san lónìí.

Èmi tí n kò kàwé ńkọ́?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí àgbà máa ń bi nìyí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú ìwé ọmọ. Ìdáhùn ìyá àgbà sí èyí ni pé kí ọmọ kọ́ òun. Yóò ní kí àbúrò mi fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ìwé sọ. Bí àlàyé náà kò bá yé òun, yóò ní kó padà lọ wò ó. Ọmọ tó lè ṣàlàyé nǹkan fún ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì rò pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àtẹ̀yìnwá, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ pàṣán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kò sẹ́ni tó ní kí a má bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n pàṣán lè mú ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí ìbẹ̀rù, kò lè kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń jókòó. Ohun tó máa ń kọ́ ọ ni pé ìwé àti ìrora jọ ń rìn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wọ ilé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa ní January 17, 1955, ẹ rántí àwọn ẹgbẹ́ yín tó sá kúrò nílé ìwé nítorí pàṣán, tí wọn kò sì padà mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú ọmọ yìí làwọn kan nínú wọn.

Ìbáwí tó ń ṣiṣẹ́ fún un ni èyí tó kéré, tó yá, tó sì dájú. Bí kò bá tíì ṣe ìlà mẹ́ta, kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá ti ṣe é, ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ má tún mẹ́nu kàn án nídìí oúnjẹ alẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí a lọ sílé ìwòsàn?

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mélòó kan tí kò sí ìyàtọ̀, tàbí tí ọmọ ń sáré sójú títì láìbẹ̀rù, tó ń ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí inú rẹ̀ kì í dùn mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ síbi tó yẹ. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá l'Ékòó.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Àrò, àyà á já, wọ́n á ní ọmọ àwọn kì í ṣe wèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ lé yín sá. Ní Àrò yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1954, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí ẹbí sì ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ó ti mọ̀ látìgbà náà pé ilé àti ẹbí wà lára ìtọ́jú.

Oògùn wà fún ADHD, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè sọ ẹni tó yẹ kó lò ó. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, kíkọ́ òbí ní ọ̀nà àtitọ́ ọ ni àwọn dókítà fi ń ṣáájú. Ẹ má ra oògùn kankan nílé kẹ́míìsì láti fi mú ọmọ dákẹ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti so ó mọ́lẹ̀. Àdúrà kò burú, ṣùgbọ́n ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe àdúrà.

Ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Kó jókòó níwájú, kó jìnnà sí fèrèsé, kí wọ́n máa rán an nu pátákó kó lè nasẹ̀. Bí ilé ìwé ìjọba bá fẹ́ lé e, ẹ rán wọn létí pé òfin ọdún 2004 fún gbogbo ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìparí girama kékeré. Òfin ti January ọdún 2019 sì lòdì sí yíya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àìlera, ìbáà jẹ́ ti ara tàbí ti ọpọlọ.

Àbúrò mi ti pé ọmọ ọdún 22 báyìí. Ìgbà kejì tó ṣe ìdánwò WAEC ló tó yege. Iná sólà ló ń tò fún àwọn èèyàn n'Íbàdàn. Títí di òní, kò lè jókòó dópin ìwàásù, ó sì máa ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ìyá àgbà ti lọ, ọpọ́n ayò rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi.

Ẹ̀yin tí irú ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ yín, kò pọn dandan kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nírọ̀lẹ́ òní, ẹ fi pàṣán sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó kọ ìlà mẹ́ta péré. Bó bá kọ ọ́ tán, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀.